Ta Ló Ni Ooru Ilé Yìí?

"Màmá, ẹ wọ súẹ́tà kejì lé e lórí!"

"Kejì? Clive, ẹ̀kẹta ni mo wọ̀ yìí! Bí mo bá tún fi ọ̀kan lé e, mi ò ní lè gba ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá mọ́!"

"Dígírì mẹ́tàdínlógún ni ilé yín wà. Mo ń wò ó lórí fóònù mi báyìí. Mẹ́tàdínlógún tó èèyàn."

"Ó tó èèyàn wo? Òkú? Ṣé mọ́ṣúárì lo sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi kọ́ ni?"

"Ẹ má pariwo, Màmá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀ mi láàárọ̀ kùtù, kó wá tún un sọ níbẹ̀!"

Winnie Ackroyd gbé fóònù ilé kalẹ̀ gbàgà. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú fìlà onírun lórí àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ìlú Keighley ni wọ́n bí i sí, Keighley ló ti lọ́kọ, Keighley ló ti sin ọkọ, kò sì sí ìgbà kankan nínú gbogbo rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé Winnie Ackroyd ń gbọ̀n nínú ilé ara rẹ̀.

Lára ògiri níwájú rẹ̀, àpótí funfun kan ń wò ó. Kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, nọ́ńbà pupa kan sì ń tàn lójú rẹ̀: 17. Àpótí yìí ló ń wọn ooru ilé. Òun ló ń sọ fún bọ́ílà tó wà ní kíṣìnì pé kó jó, òun náà ló ń sọ fún un pé ó tó. Ṣùgbọ́n àpótí ọ̀hún fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá wà ní ìlú Leeds, nínú àpò ṣòkòtò Clive.

"Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi mú ọ gbóná nínú ikùn," ni Winnie sọ fún àpótí, nítorí Clive kò sí nítòsí, àpótí ló sì jọ ọ́ jù nínú ilé. "Ṣé mo béèrè dígírì lọ́wọ́ rẹ?"

Àpótí kò fèsì. Nínú ìyẹn gan-an ló ti jọ Clive jù.

Kí a má parọ́ mọ́ bọ́ílà àtijọ́ o, èyí tó wà kí ti kíṣìnì yìí tó dé. Ẹranko ni. Ẹ̀yìn ààrò gáàsì inú pálọ̀ ni Arnold, ọkọ Winnie, gbé e sí nígbà tí Clive ṣì ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí tí Clive fi pá lórí. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, á kọ́kọ́ há ọ̀fun, á wúkọ́, á wá máa lu ògiri gbì-gbì-gbì bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú ihò èéfín tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun jáde. Ó ń mu gáàsì bí ọ̀mùtí tí ẹlòmíràn ń sanwó ọtí rẹ̀. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ tí Arnold máa ń fi bàtà gbá kó tó lè dákẹ́. Nígbà tí Arnold kú, Winnie sin ohun gbogbo pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ibi tí wọ́n ń gbá yẹn sọ́kàn.

Àmọ́ ẹranko yìí ní kókó kan níwájú, kókó irin ńlá tó kún ọwọ́. Yí i sọ́tùn-ún, ilé á gbóná. Yí i sọ́tùn-ún sí i, ilé á tún gbóná sí i. Kò sí ohun tó ń jẹ́ fóònù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èèyàn ló ń yí i, irin ló ń gbọ́ràn.

Ẹ ní láti mọ irú àwọn tó ń gbé àdúgbò Winnie kí ẹ tó mọ ohun tí kókó yẹn jẹ́. Ọlọ́run fún wọn ní gáàsì, ojú rẹ̀ ń tì wọ́n. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tan bọ́ílà kí alẹ́ iná ńlá tí gbogbo ìlú ń dá lọ́dọọdún ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá tó dé. Láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń fara pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, tí wọ́n ń wo ihò èéfín ara wọn. Ẹni tí èéfín bá kọ́kọ́ rú nílé rẹ̀, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́ pé kò ní ìfaradà mọ́. Bó o bá ní òtútù ń mú ọ, wọ́n á ní kó o wọ súẹ́tà. Bó o bá ní o ti wọ̀ ọ́, wọ́n á ní kó o máa rìn káàkiri. Gbígbọ̀n ni wọ́n fi ń wọn ìwà mímọ́ níbẹ̀.

Winnie kò bá wọn ṣe é rí. Oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, gbangba, kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta á kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á ní káàdì làwọn wá ta. Norah Sugden, tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Edna Firth, tí etí rẹ̀ kan ti di, ṣùgbọ́n tí òfófó kì í fo etí kejì rẹ̀. Mavis Holroyd, tó ń rẹ́ni jẹ nídìí káàdì. Láti ọjọ́ Ẹtì títí di Ọjọ́rú, wọ́n á jókòó sílé wọn, wọ́n á máa wàásù ìfaradà fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, wọ́n á wá ṣẹ̀ nílé Winnie. Norah á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sí ààrò, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni eléyìí, Winnie. Bu tíì sí i."

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ayé Winnie. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Clive wá dé.

Clive Ackroyd, ọmọ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Leeds níbi tí wọ́n ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n yọ bọ́ílà àtijọ́, kí wọ́n fi ìgbàlódé tí kì í jẹ gáàsì púpọ̀ rọ́pò. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Clive kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò bá sí àpéjọ níwájú rẹ̀. Ó dúró sí àárín pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ààrò bí ẹni tó ń tọ́ka ẹlẹ́ṣẹ̀.

"Màmá, nínú gbogbo gáàsì tí ẹranko yìí ń jẹ, ìdajì ló ń gba ihò èéfín lọ sójú ọ̀run!"

"Ìyẹn náà dáa," ni Winnie dá a lóhùn. "Bàbá rẹ wà lọ́hùn-ún. Òtútù kì í wù ú."

Ṣùgbọ́n ó gbà níkẹyìn. Ẹranko náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Clive sì búra pé ilé á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gáàsì á sì dín kù. Nínú oṣù keje, ọkùnrin méjì wá, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n wó ẹ̀yìn ààrò, wọ́n sì gbé e jáde bí ẹni tó ń gbé òkú ọba, pẹ̀lú èéfín dúdú lójú àti lẹ́nu. Winnie rí ibi tí bàtà Arnold ti tẹ irin náà wọnú. Ó lọ gbé tíì ká iná fún wọn. Wọ́n gun òkè, wọ́n tún yọ táǹkì omi gbígbóná kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, pé ìgbàlódé kò nílò táǹkì mọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni táwẹ́ẹ̀lì gbogbo ilé ti máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, níbi tí Winnie ti ń mú ìyẹ̀fun búrẹ́dì wú, níbi tí ológbò kan ti bímọ rí. Kọ́bọ́ọ̀dù lásán ló kù.

Ọ̀tun wá gorí ògiri kíṣìnì láàárín àwọn àwo: funfun, tínínrín, ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Winnie fi kan án lára kó lè mọ̀ bóyá ó wà nílé. Ó ṣí omi. Omi gbígbóná ya jáde lójú ẹsẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Winnie kì í ṣe alábòsí. Ó ní, "Ẹ̀rọ gidi nìyí. Mo gbà. Kókó rẹ̀ dà?"

Clive rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ gbá àpò ṣòkòtò rẹ̀. "Ó wà níbí, Màmá. Lórí fóònù mi. Kẹ́ ẹ má baà ṣe wàhálà."

"Wàhálà wo? Ṣé wọ́n gé mi lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ̀yin ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó tún kù. Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Clive ní Leeds, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ fún àwọn àlejò, ilé Winnie ló sì ń hàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru: iye ooru rẹ̀, iye gáàsì rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ gàdàgbà tí Clive fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pé *Ìyáàfin A., ẹni ọgọ́rin ọdún, ń gbádùn ayé ní dígírì mẹ́tàdínlógún.* Wọ́n sì fún Winnie ní súẹ́tà kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run, pẹ̀lú àmì ọ́fíìsì láyà, bí ẹni pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

Nínú oṣù kẹwàá, Winnie lọ kí Philippa, ìyàwó Clive, nílé wọn ní Leeds ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Clive wà níbi iṣẹ́. Láì wọ bàtà ni Philippa fi ṣí ilẹ̀kùn, nínú aṣọ tí kò lápá. Ọmọ dáadáa ni Philippa, kì í dọ́gbọ́n, kì í fi nǹkan pa mọ́. Nígbà tí Winnie ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó rí ìkejì àpótí tirẹ̀ lára ògiri. Ó dúró. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á. Ó nu gíláàsì náà, ó tún un kà. 23. Ó padà sí pálọ̀, ó jẹ kéèkì rẹ̀, ó fẹnu ko Philippa lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ wálé. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó fi í sábẹ́ ahọ́n bí súwíìtì. Winnie kì í fi ohun rere ṣòfò.

Òtútù wá dé tòótọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìjà orí fóònù yẹn, ìbọ̀wọ́ ni Norah fi ta káàdì, káàdì sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé igi. Edna kò bọ́ kóòtù. Mavis kò lè rẹ́ni jẹ, nítorí apá aṣọ rẹ̀ nípọn débi pé káàdì tó bá wọ ibẹ̀ kò jáde mọ́. Nígbà tí tíì dì nínú ife kí wọ́n tó mu ún dé ìdajì, Norah gbé káàdì kalẹ̀.

"Winnie, èmi fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ò fẹ́ràn rẹ mọ́."

"Kí lo ń sọ?"

"Enid Crabtree ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun."

Enid Crabtree! Obìnrin tó ń ka bisikíìtì kí àlejò tó wọlé, tó sì ń tún un kà lẹ́yìn wọn. Enid tí kò tan bọ́ílà kí Kérésìmesì tó dé rí, tó wá ń tàn án báyìí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé ilé Winnie ti tutù. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ ni Enid ti ń fẹ́ gba Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ Winnie. Fóònù Clive wá gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ kan sí i," ni Winnie bẹ̀ wọ́n. Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹyọ kan," ni Norah dáhùn. "Lẹ́yìn ìyẹn, wàá bá wa lọ́dọ̀ Enid."

Ìdí nìyẹn tí Winnie fi pe Clive. Ẹ sì ti gbọ́ èsì tí Clive fọ̀.

Inú ìbínú yẹn ló wà nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ń ta fèrèsé ni, ó wọ táì, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé atẹ́gùn òtútù ń yọ yín lẹ́nu nínú ilé?"

Ó yẹ ká káàánú ọkùnrin náà. Kò mọ inú ilé tó kàn. Winnie ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì da gbogbo ohun tó kù tó fẹ́ sọ fún Clive sí i lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bàtà rẹ̀, ó dé orí táì, ó bọ́ sórí ìyá tó bí i. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti orí òkè pápá, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Winnie ṣẹ̀ṣẹ̀ débi irun imú ọkùnrin náà nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ láti kíṣìnì.

*Fùùùù.*

Ó yíjú padà. Ojú àpótí ti kúrò ní 17. 15 ló wà. Bó ṣe ń wò ó, ó di 14. Bọ́ílà ń jó bí ẹni tí wọ́n fi iná sí nídìí. Irin ìgbóná ara ògiri ti ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Winnie dákẹ́ láàárín èébú. Ó kọjú sí ọkùnrin fèrèsé, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọjọ́ Àjíǹde.

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Òmùgọ̀ ni àpótí! Kò mọ ilé. Kò mọ Clive. Ohun tó bá kàn án lára nìkan ló mọ̀. Bí ara òun fúnra rẹ̀ bá tutù, á gbà pé gbogbo ayé ló tutù.

Ní Keighley, inú gbogbo fírísà ni ọ̀rá ẹ̀wà tútù kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, ẹ̀wà róbótó-róbótó aláwọ̀ ewé, tó ti dì gbagidi. Orúnkún ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún. Ẹni tó bá ṣubú, wọ́n á gbé e lé e. Winnie mú tirẹ̀ jáde, ó gé ẹsẹ̀ kan lára ìbọ̀sẹ̀ gígùn rẹ̀, ó sì so ẹ̀wà mọ́ àpótí lójú bí ẹni tó ń di ojú ẹlẹ́wọ̀n. 11. 8. 5. Bọ́ílà bú. Ooru gun orí àtẹ̀gùn. Winnie bọ́ súẹ́tà àkọ́kọ́. Ó bọ́ èkejì. Nígbà tó máa fi bọ́ ẹ̀kẹta, ó ti ń kọrin ìsìn.

Ó pe Norah. "Mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ bọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ yìí ń yọ̀. Mo ní òwú dáadáa kan tí mo fẹ́ kó o bá mi tú."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ yóò fi dé, ohun gbogbo ti wà ní ipò. Láàárọ̀, Winnie yan kéèkì, ó to ọ̀rá ẹ̀wà mẹ́rin sí fírísà kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ó sì tẹ Philippa láago fún ìgbà díẹ̀. Ní ọ̀sán, àwọn obìnrin mẹ́ta wọlé, wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fa ooru símú.

"Olúwa," ni Norah wí, ó ti ń tú bàtà.

Edna bọ́ kóòtù, ó bọ́ súẹ́tà, ó bọ́ èyí tó wà lábẹ́ súẹ́tà. Mavis wọ aṣọ tí apá rẹ̀ rọ̀, Winnie sì rí i pé káàdì ti ń wọ ibẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jẹ́ kó máa rẹ́ wọn jẹ. Fóònù ilé dún. Wọn ò gbé e. Ó tún dún. Winnie ní káàdì tó dáa lọ́wọ́, kò lè dìde. Ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ń ta á lọ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn pẹ̀lú agbára.

"Màmá! Màmá! Ẹ má sùn o! Ẹ dá mi lóhùn!"

"Ta ló ń pariwo níbẹ̀? Norah, ìwọ ló kàn."

Clive já wọ pálọ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì léjìká, fúláàsì ọbẹ̀ lápá. Bí ooru ṣe pàdé rẹ̀, ìkùukùu bo gíláàsì rẹ̀ lójú, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú, orí Edna ló sì kọ́kọ́ bà.

"Màmá! Ara yín ń gbóná! Ibà ni!"

"Mú ọwọ́ kúrò lórí mi, ìwọ ọmọ yìí," ni Edna ké. "Mi ò kí ń ṣe ìyá rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Obìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn Clive, ó ga, ó sanra, ó fi ìborùn wé ọrùn dé etí, ó ń mí hẹlẹ. Ìyáàfin Tattersall nìyẹn, ọ̀gá Clive ní ọ́fíìsì, tí Winnie ti rí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n wá fún un ní súẹ́tà.

"Ìyáàfin Ackroyd, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le, ọmọ mi. Bọ́ kóòtù rẹ kó o tó yọ́. Kéèkì wà níbẹ̀ yẹn."

"Dígírì mẹ́ta!" Clive ti nu gíláàsì rẹ̀, ó ti ń pariwo báyìí. "Dígírì mẹ́ta ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n! Gáàsì ń jó bí ọ̀run àpáàdì, ilé sì wà ní mẹ́ta! Níwájú àwọn àlejò! Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé a ti pa màmá arúgbó náà ni! Mo pè yín, ẹ ò gbé e! Mo sáré títí—"

"Láti oṣù keje, o ò yà síbí," ni Winnie wí. "Mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà ni mo gbọ́dọ̀ máa fi pè ọ́."

Clive ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá láti ibẹ̀.

"Màmá. Kí ni wọ́n so mọ́ ojú àpótí yìí?"

Àpò kékeré kan tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ hun ni, òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó bá àpótí mu régí, ọ̀rá ẹ̀wà dídì ló sì wà nínú rẹ̀. Ní iwájú gan-an, Norah ti rán àmì ọ́fíìsì Clive mọ́ ọn, kò tẹ̀ síbì kan.

"Súẹ́tà ni," ni Winnie dáhùn láti orí àga.

"Súẹ́tà! Fún àpótí?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní òtútù ń mú òun. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀. Mo wá rántí ohun tí ọmọ mi kọ́ mi. Mo ní, má pariwo. Wọ súẹ́tà."

Ìyáàfin Tattersall fi kéèkì dí ẹnu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ejìká rẹ̀ ń mì. Ó ti bọ́ kóòtù. Norah ti há káàdì fún un.

Clive fa àpò náà pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀rá ya. Ẹ̀wà tú dà sílẹ̀ ràràrà, wọ́n yí káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ inú bàtà rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bó ṣe ń padà bọ̀ sí pálọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní kíṣìnì, bọ́ílà mí ìmí ìkẹyìn, ó dákẹ́.

"Ó parí," ló wí. "Mẹ́tàdínlógún. Mo ti tì í pa. Lọ́la, màá ní kí wọ́n wá gbé àpótí yẹn lọ sí òkè àjà, níbi tí ẹ̀wà ò ti ní débẹ̀."

Edna wo Mavis. Mavis wo ilẹ̀. Norah rọra na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò wo ojú Winnie.

"Enid máa ti gbé kẹ́tù kaná," ni Norah wí jẹ́jẹ́.

Winnie wo bàtà yẹn.

Clive rò pé òun ti borí. Ẹni tó bá mọ Clive mọ̀ pé kò lè borí kó má ṣe ìwàásù. Ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó fa aṣọ rẹ̀ tọ́.

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin Tattersall. Àwọn àgbà ni, ẹ̀ẹ́ rí wọn. Wọ́n rò pé ìyà la fi ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí màmá mi ṣe ohun témi náà ò ṣe. Nílé mi, mẹ́tàdínlógún ni, àárọ̀ àti alẹ́. Philippa ò tíì ráhùn rí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyáàfin Tattersall dáhùn. "Ìyẹn náà lẹ̀ ń sọ fún àwọn àlejò wa."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́."

Winnie kó káàdì jọ. Ó to wọ́n dọ́gba, ó gbá etí wọn mọ́ tábìlì, ó fi rọ́bà dè wọ́n. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ dẹ̀ bí ti ẹni tó ń pín ìpápánu.

"Norah, wọ bàtà rẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Edna, Mavis, tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ má gbàgbé káàdì ọkọ̀ ọ̀fẹ́ yín o. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán la máa wọ̀."

Clive yíjú padà. "Bọ́ọ̀sì? Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Leeds. Ilé rẹ la ó ti máa ta káàdì láti ìsinsìnyí lọ. Mo ti bá Philippa sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, inú rẹ̀ dùn gan-an, ọmọ dáadáa. Ó ní kí a má wulẹ̀ kó súẹ́tà kankan bọ̀. Ó ní aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí a wọ̀, nítorí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kó dé ilé yẹn, o ò jẹ́ kó lọ sílẹ̀ kúrò ní dígírì mẹ́tàlélógún rí."